Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Vernal

Stover's Neck, Maine
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin, 1978

Galen ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Alaska ò tíì gé ọ ní ìka? Àwa wà láàyè níbí. Yìnyín ti yọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ẹrẹ̀ ló kù, irú ẹrẹ̀ tó ń fa bàtà yọ lẹ́sẹ̀ èèyàn. Orúnkún mi ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gun àtẹ̀gùn. Mo rí káàdì tí o fi ránṣẹ́ nígbà Kérésìmesì. Ìlà mẹ́ta ni mo bá nínú rẹ̀, mo tiẹ̀ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ìyókù wà níbẹ̀.

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo fẹ́ ta ọkọ̀ Vernal bàbá rẹ. Láti ìgbà tó ti fà á wọ abà ní ìparí ọdún 1975, ọkọ̀ náà ò fojú kan omi mọ́. Obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ò lè máa lọ fa ìgèrè edé ńlá lójú òkun, ìwọ náà ò sì sí nílé. Orúkọ ìwọ àti bàbá rẹ ló jọ wà lórí ìwé ọkọ̀, nítorí náà bí o kò bá fọwọ́ sí i, mi ò lè tà á. Ìwé títà rèé nínú àpòòwé yìí. Mo ti fa ìlà síbi tí wàá fọwọ́ sí.

Elwood Dunbar ló fẹ́ rà á.

Mo mọ̀ pé o ti ń pariwo. Pariwo rẹ tán, kí o wá fọwọ́ sí i. Má bi mí ní ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdí rẹ̀ ò tíì gbọdọ̀ wọ inú ìwé.

O kò wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé pósí rẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ láti ìgbà náà. Ohun tí mò ń tọrọ nìyí.

Ìyá rẹ,
Delma


Kodiak, Alaska
Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, 1978

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìfaradà orúnkún. Ẹ má gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ mọ́, ẹ gbé ibùsùn yín wá sí ìsàlẹ̀. Ara mi le. Akàn la ń pa títí di oṣù tó kọjá, ẹja la ó bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́.

Elwood Dunbar kẹ̀? Elwood tó wọ inú kùrukùru lọ gé okùn ìgèrè bàbá mi, àádọ́rùn-ún ìgèrè, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìgèrè tí okùn rẹ̀ bá ti gé, ìsàlẹ̀ òkun ló máa jókòó sí títí ayé. Gbogbo èbúté ló mọ̀ pé Elwood ni, kò kàn sẹ́ni tó rí i. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi fa ọkọ̀ wọ abà. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ọkàn rẹ̀ dúró. Lójú tèmi, Elwood ló pa bàbá mi.

Ẹ wá fẹ́ kó máa gun ọkọ̀ tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tí orúkọ yín wà lára rẹ̀ gbàgàdà? Kí Nettie ìyàwó rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀ kó máa jẹ búrẹ́dì? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbà yín nímọ̀ràn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò tíì sọ. Mo ń bọ̀ wálé ní oṣù kẹsàn-án. Kí ni mo wá wá síbí bí kò ṣe kí n lè padà? Mo ti ní owó tó láti ra ọkọ̀ fáíbà tuntun, irú tí kò ní pákó lára. Ibi ìdákọ̀ró bàbá mi ni mo fẹ́ so ó mọ́, omi tí bàbá mi dẹ ìgèrè sí ni mo fẹ́ dẹ tèmi sí, títí n ó fi dàgbà kú. Mi ò fẹ́ máa yọjú lójoojúmọ́ kí n máa rí Elwood nínú *Delma C.*

Kí ẹ tó tà á fún un, ẹ bu kẹrosíìnì sí i, kí ẹ ṣáná sí i. Mo ti ya ìwé yín sí méjì. Òun lẹ rí nínú àpòòwé yìí.

Ọmọ yín,
Galen


Stover's Neck
Ọjọ́ ogún oṣù karùn-ún

Galen,

Mo rí ìwé mi tí o ya. Agídí bàbá rẹ lo jogún, o ò jogún sùúrù rẹ̀. Ìwé mìíràn rèé. Jókòó, kí o fara balẹ̀ kà mí.

O rò pé mo ti gbàgbé Vernal ni? Èmi tí mò ń fọ ife kan ṣoṣo láàárọ̀? Ẹlòmíràn náà wá bẹ̀ mí lórí ọkọ̀ yẹn, ará ìlú ńlá kan tó fẹ́ gbé e sí ọgbà rẹ̀ kó gbin òdòdó sínú rẹ̀. Mo lé e. Elwood ni mo fẹ́ tà á fún, Elwood nìkan.

Ìwọ mọ ọkọ̀ pákó. Pákó tó ti gbẹ máa ń sún kì, àlàfo á sì ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀. Ọ̀bẹ bọ́tà mi ń wọ inú àlàfo *Delma C.* báyìí láìfarakan nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, òwú ló máa fi dí i díẹ̀, á wá jẹ́ kí ọkọ̀ náà rì sínú omi èbúté fún ọjọ́ mẹ́ta. Pákó á mumi yó, á wú, àlàfo á sì pa ara rẹ̀ dé. Bàbá rẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tí ń dí ọkọ̀ pákó bí omi fúnra rẹ̀.

Elwood ò mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ ẹja inú agolo ló ti ń ṣiṣẹ́ títí ọkọ̀ fáíbà fi dé, òun ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òkun, kò fọwọ́ kan òwú rí láyé rẹ̀. Ó wá sínú abà, ó fi iná wo àlàfo náà, ó ní, "Delma, má da ara ẹ láàmú. Mo ní gọ́ọ̀mù kan tá a fi ń lẹ fáíbà. Tó bá gbẹ tán, ó le ju òkúta lọ. Màá fi dí gbogbo ẹ̀ pátá." Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kọfí?" Mo bu kọfí fún un.

O mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Pákó á wú, kò ní rí ibi sún sí. Àwọn pákó á máa ti ara wọn, wọ́n á máa fa ìṣó yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára egungun ọkọ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kìíní, ó lè jẹ́ ọjọ́ karùn-ún. Eré ìje ọkọ̀ ti oṣù kẹjọ ló fẹ́ lò ó fún, kó fi dárà lójú wa. Ó ní ọkọ̀ Vernal ló yára jù ní etíkun yìí, òótọ́ sì ni. Ọjọ́ tó bá tẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní tòótọ́, pákó á ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Elwood ò mọ odò wẹ̀, bíi gbogbo ẹ̀yin apẹja.

Kò sẹ́ni tó máa kìlọ̀ fún un. Ó ní tóun bá gbé e lọ, òun á ti ilẹ̀kùn abà òun pa, kí àwọn èèyàn má baà rí i ṣáájú ọjọ́ tó máa wọ omi. Bó bá bi mí, màá sọ òótọ́. Kò tíì bi mí. Ẹni tó gé okùn ìgèrè ọkọ mi, ṣé èmi ni n ó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ ọkọ mi?

Fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ


Kodiak
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ka lẹ́tà yín lórí ọkọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí alásè wa fi bi mí bóyá mo ti yàwèrè. Mo ní ìyá mi ni kò yàwèrè, orí ẹ̀ pé ju ti gbogbo wa lọ.

Mo ti fọwọ́ sí i. Ẹ yára gbé ọkọ̀ náà fún un kó tó yí ọkàn padà. Ẹ bá a yọ̀. Ẹ sọ fún un pé kó da gọ́ọ̀mù yẹn sí i dáadáa, kó má ṣahun.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má máa bá Elwood jókòó pẹ́. Kí ló kan kọfí nínú ọ̀rọ̀ yìí? Òpùrọ́ ni, ẹnu ẹ̀ dùn, ẹni tó bá sì ti ń bẹ̀rù ohun tó ṣe, kò sí ìtàn tí kò lè hun. Ẹ gbowó yín, ẹ tilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: bó ṣe dúró, bí ojú ẹ̀ ṣe rí, ohun tó ké nígbà tí omi dé orúnkún ẹ̀. Tí mo bá dé ní oṣù kẹsàn-án, ẹ tún máa sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i lórí ẹ̀wà tí ẹ máa ń sè lọ́jọ́ Sátidé.

Ọmọ yín tòótọ́,
Galen


Stover's Neck
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹfà

Galen,

Ìwé dé. Ọkọ̀ ti kúrò lábà wa. Òfìfo ibẹ̀ tóbi ju bí mo ṣe rò lọ.

Elwood wá síbí lánàá. O mọ àṣà wa: bí ọkọ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ olóhun tuntun, obìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ padà wọ omi. Elwood ò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré, ẹni tí kì í jẹ́ kí wọ́n dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀ lórí ọkọ̀ torí pé èèwọ̀ ni. Ó wá bẹ̀ mí kí n bá òun jókòó lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje. Mo ní ó dára. Mo gbé bisikíìtì fún un.

Ó jẹ ọ̀kan, ó wá ní, "Delma, o ju èèyàn lọ o. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ọmọ ẹ dá sílẹ̀, o ṣì lè tà á fún mi. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní tà á."

Mo ní, "Kí ni ọmọ mi dá sílẹ̀?"

Bisikíìtì kejì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Vernal ò sọ fún ẹ? Mo rò pé òun náà ti sọ ọ́ fún ẹ kó tó kú."

Ohun tó sọ nìyí, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní ìwọ lo kó ìgèrè rẹ kọjá ààlà lọ sí orí àpáta abẹ́ omi tí àwọn ń dẹ ìgèrè sí lọ́dún 1975. Ó ní òun fi okùn ta kókó méjì sórí igi ìléfòó tó ń fi ibi tí ìgèrè rẹ wà hàn lójú omi, ìkìlọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Ó ta á lẹ́ẹ̀mẹta, o tú u lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, o gé okùn ìgèrè rẹ̀, ogójì. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kóun jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé tìrẹ lòun wá gé. Àwọ̀ igi ìléfòó ìwọ àti bàbá rẹ, ọ̀kan náà ni, ìyẹ́lò pẹ̀lú dúdú. Ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ya tìrẹ sọ́tọ̀. Kùrukùru pọ̀, inú ń bí i, kò wá ìlà pupa. "Ìyẹ́lò ni mo rí, Delma, mo kàn ń gé e lọ. Ìgbà tí kùrukùru ká ni mo tó rí i pé ti bàbá ni."

Ó ní Vernal wá sílé òun lọ́jọ́ náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní Vernal jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bẹ òun pé bó ti wù kí ọjọ́ pẹ́ tó, kóun má jẹ́ kí n gbọ́ pé ìwọ ni.

Galen, ọdún mẹ́ta la ti ń wá ẹnu tó máa sọ pé "èmi ni mo gé e." Ó wá sọ ọ́ nínú ilé ìdáná mi, bisikíìtì mi sì wà lẹ́nu rẹ̀, n kò rí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un nípa gọ́ọ̀mù. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ ná. Bó bá jẹ́ irọ́ ló pa mọ́ ọ, màá di ẹnu mi, omi á dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ òótọ́, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n tó pé. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò fẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ìyá rẹ


Stover's Neck
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje

Galen,

Mi ò rí lẹ́tà. Mò ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lójoojúmọ́, orúnkún tàbí kò sí orúnkún. Elwood ti kun ọkọ̀ ní funfun. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìyá rẹ


Kodiak
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orí omi la wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà tí mo gúnlẹ̀ ni mo tó rí lẹ́tà yín.

Mo sọ fún yín kí ẹ má bá ọkùnrin yẹn jókòó. Ẹ ò gbọ́. Ó ti jẹ bisikíìtì yín, ó ti gba ọkàn yín. Ẹ wá gbé ìwé ìbéèrè fún ọmọ yín bí ẹni pé olè ni mí.

Ta ló bẹ̀rẹ̀, ta ni ò bẹ̀rẹ̀, kí ló kàn mí nínú ìyẹn? Ogójì kọ́ ló pa bàbá mi, àádọ́rùn-ún ni. Ta ló di ọ̀bẹ mú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Ó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ni. Kí ni ẹ tún ń wá? Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mo jẹ́ nígbà náà, èèyàn sì máa ń ṣe oríṣiríṣi ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Bàbá mi ti dárí jì mí tán kó tó kú, èyí tó wà láàárín àwa méjèèjì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kó wọ omi. Ẹ ti bá a débí, ẹ má padà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò gbọdọ̀ bá a wọ̀ ọ́ o. Lọ́jọ́ náà, ẹ sọ pé orúnkún ń dùn yín, ẹ dúró sórí ilẹ̀. Òun nìkan ni kó lọ, tàbí òun àti Nettie, ìyẹn ò kàn wá.

Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án.

Ọmọ yín,
Galen


Stover's Neck
Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, 1978

Galen,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ku ọ̀la kí ọkọ̀ wọ omi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kí o sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí wọ́n bi pé ṣé òun ló jalè, tó ní kí wọ́n pa olóhun, ó ti dáhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo èbúté ló jáde. Nettie gbé páì èso bulúbẹ́rì wá. Wọ́n ti tún orúkọ mi kọ sára ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ó rẹwà, Galen, ó rẹwà ju ọjọ́ tí bàbá rẹ kọ́kọ́ gbé e jáde lọ. Elwood na ọwọ́ sí mi pé kí n wọlé. Mo ní kó dúró ná. Mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo yọ lẹ́tà rẹ, mo sì kà á síta.

Gbogbo rẹ̀ ni mo kà, láti "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" dé ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní kí n sọ pé orúnkún ń dùn mí, kí òun àti Nettie máa lọ, páì bọ́ lọ́wọ́ Nettie. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ gbé e.

Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ tèmi. Mo ní, "Elwood, fi èékánná tẹ àlàfo yẹn." Ó tẹ̀ ẹ́. Asa Pinkham, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó kan ọkọ̀ pákó títí ọwọ́ rẹ̀ fi wọ́, rọra wá, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣépè. Ó ní, "Ta ni ọ̀dọ̀yọ̀ tó fi òkúta dí pákó?" Elwood jókòó sórí àgbá ìjẹ ẹja. Mo ní, "Láti oṣù karùn-ún ni mo ti mọ̀, Elwood. Mò ń bu kọfí fún ẹ, mò ń wo bí wàá ṣe kú. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ. Àádọ́rùn-ún ìgèrè, o ò lè dúró wo ìlà pupa kan. Tí mo bá tún rí ọ̀nà mìíràn, mi ò mọ̀ bóyá n ò ní gbà á." Ó ní, "Mo gbọ́, Delma."

Elwood ti ń fi ọ̀bẹ họ gọ́ọ̀mù náà jáde láti ọjọ́ Sọ́ńdè. Asa jókòó tì í, ó ń bú u láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ Elwood ti bó. Mo máa ń rìn kọjá níbẹ̀ láti lọ wò ó, ó sì dùn mọ́ mi.

Ní ti ìwọ. Kò sí ìpàdé kankan, kò sẹ́ni tó dìbò. Asa kàn sọ lórí èbúté pé òun ò fẹ́ rí ìyẹ́lò pẹ̀lú dúdú nínú omi yìí mọ́ títí ayé, kò sì sẹ́ni tó ta kò ó. O mọ ohun tó túmọ̀ sí níbí bí kò bá sẹ́ni tó ta ko ọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi ibi ìdákọ̀ró bàbá rẹ fún ẹlòmíràn. Ìgèrè tí o bá dẹ, wọ́n á gé e. Èyí tí o bá tún dẹ, wọ́n á tún gé e. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni fún ọ. Èmi ni mo ka lẹ́tà náà, mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Bí o bá ṣì fẹ́ lo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ, máa bọ̀. Ìyá rẹ ni mí. Màá se ẹ̀wà fún ọ lọ́jọ́ Sátidé, màá tẹ́ ibùsùn rẹ. Àga bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí omi. Ibẹ̀ ló jókòó sí fún ọdún kan ààbọ̀, tó ń wo ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń jáde, tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ mọ́ sínú, tí èmi ń rò pé àárẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni ìwọ náà máa jókòó sí. Èmi á fa àga tèmi wá sí ìdojúkọ rẹ, màá sì máa wò ọ́.

Delma